Èéfín Kò Lè Tún Ẹja Tí Ó Ti Bàjẹ́ Ṣe

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Àjùé, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ọ̀rẹ̀ àti ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Nínú ìwé pélébé yìí, èmi kò fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí a ti í gbẹ́ adágún ẹja tàbí irú oúnjẹ tí ó yẹ kí a máa fún ẹja. Ẹ ti gbọ́ ìwọ̀nyí lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ti wákàtí díẹ̀ tí ó tẹ̀lé ìgbà tí ẹja bá ti kúrò nínú omi. Èrò mi ni pé inú àwọn wákàtí wọ̀nyí ni púpọ̀ nínú èrè wa ń ṣòfò sí.

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé láti tútù ni a ti í ká ẹja. Bí ó bá gbẹ tán, ṣíṣẹ́ ni yóò ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni a sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á, ẹja ni ó ń wò. Bí a bá fẹ́ kí ẹja gbígbẹ wa dára, nígbà tí ó ṣì wà ní tútù ni a ó ti tún un ṣe. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí ẹja ń rùn kí ó tó dá iná, ó ti pẹ́ jù.

Ohun tí ojú mi rí

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ jáde, mo wà lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kan ní ọjọ́ tí wọ́n fa omi adágún wọn gbẹ. Oníbàárà ti ṣèlérí pé ọkọ̀ òun yóò dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọkọ̀ kò dé. A ti kó ẹja àrọ̀ sínú àwọn ike ńlá, wọ́n há mọ́ra wọn, omi díẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ sì ti gbóná. Nígbà tí ó fi máa di aago méjì ọ̀sán, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ikùn àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Wọ́n bi mí léèrè pé kí ni kí àwọn ṣe. Mo dáhùn pé kí wọ́n fi iyọ̀ pa á lára, kí wọ́n sì yan án ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹja náà pọ́n, ó ń dán, òórùn èéfín rẹ̀ sì dára. Ìyá kan tí ń ta ẹja lọ́jà ra gbogbo rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá náà gbé apẹ̀rẹ̀ padà wá. Ẹran ẹja náà ti ń rún bí àkàrà ògbólógbòó, ikùn rẹ̀ ti là, òórùn tí ó sì ń jáde láti inú rẹ̀ kì í ṣe ti èéfín mọ́. Wọ́n dá owó rẹ̀ padà fún un, ṣùgbọ́n kò padà wá rajà lọ́dọ̀ wọn láti ọjọ́ náà. Tèmi ni ẹ̀bi yìí. Mo mọ òtítọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo owó tí wọ́n ti ná, àánú wọn kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín nísinsìnyí.

Ìdí tí ẹja fi ń yára bàjẹ́

Bí ẹja bá kú, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ rọ̀, lẹ́yìn náà á le bí igi, lẹ́yìn èyí á tún padà rọ̀. Rírọ̀ kejì yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ ìbàjẹ́. Ohun mẹ́ta ni ó ń fà á. Èkíní ni oje tí ó wà nínú ìfun ẹja fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹja wà láàyè, oúnjẹ ni oje yìí ń dà. Bí ó bá kú, ara ẹja gan-an ni oje náà yóò máa jẹ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ikùn ẹja tí ó ti yó fi ń tètè bẹ́. Èkejì ni àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tí ó wà ní awọ, ní etí, àti ní ìfun ẹja. Ooru ilẹ̀ wa ni wọ́n fẹ́ràn jù, wọn a sì máa di púpọ̀ ní wákàtí díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́, tí ó ń ba ọ̀rá inú ẹja jẹ́, tí ó ń sọ ọ́ di pípọ́n rúsúrúsú àti kíkan.

Iná lè pa àwọn kòkòrò wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò lè mú ohun tí wọ́n ti ṣe sínú ẹja kúrò. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹja títù ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn ẹja inú yìnyín tí a ń rà ní Ọ̀rẹ̀. Bí a bá fi títù sílẹ̀ nínú ooru fún ìgbà pípẹ́, àwọn kòkòrò àìrí a máa sọ ohun kan nínú ara rẹ̀ di oró tí àwọn onímọ̀ ń pè ní histamine. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ lè pọ́n, ara rẹ̀ lè máa yún un, orí lè máa fọ́ ọ, ó sì lè máa bì láàárín wákàtí díẹ̀. Sísè kò lè pa oró yìí, díndín kò lè pa á, èéfín kò sì lè pa á. Ẹni tí ó bá ń rò pé ata àti iná a máa wẹ ẹja mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí fún un.

Ohun tí kòkó ti kọ́ wa

Kì í ṣe ẹ̀kọ́ àjèjì ni mo ń mú wá. Àgbẹ̀ kòkó ni púpọ̀ nínú yín. Ẹ mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ bo kòkó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó tó lọ sí orí àtẹ, àti pé bí ìbòmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò bá dára, oòrùn kò lè tún un ṣe. Ẹ mọ olùyẹ̀wò tí ń la 300 èso kòkó sí méjì láti wo inú wọn, nítorí pé èèpo kì í sọ òtítọ́ tán. Kò sí ẹnìkan nínú yín tí yóò sọ pé òun lè fi oòrùn wo kòkó tí ó ti bu sàn.

Ohun tí ó mú kí àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa kó ara wọn jọ, kí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ọdún 1935 tó dé àti lẹ́yìn rẹ̀, ni pé kí wọ́n lè jùmọ̀ ta kòkó dídára ní owó tí ó yẹ ẹ́. Nígbà tí ìjọba tú Ìgbìmọ̀ Kòkó ká ní ọdún 1986, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í ra kòkó tútù àti gbígbẹ pọ̀ láìbéèrè, orúkọ kòkó Nàìjíríà sì bàjẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lójú àwọn tí ń rà á ní òkè òkun. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ rántí rẹ̀ dáadáa. Èrò mi ni pé ọ̀nà tí kòkó gbà nígbà náà ni ẹja wa ń gbà báyìí: a ń kọ́ bí a ti í mú ẹja pọ̀, ṣùgbọ́n a kò tíì gbà láàárín ara wa pé ẹja kan wà tí kò yẹ kí a tà.

Bí a ti í mọ ẹja tí ó dára

Ní Scotland, ibùdó ìwádìí kan wà tẹ́lẹ̀ ní Torry, ní ìlú Aberdeen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1929. Wọ́n ní oríṣiríṣi ẹ̀rọ níbẹ̀, síbẹ̀ ọ̀nà kan tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ni kí wọ́n kọ́ ènìyàn láti fi imú àti ẹnu yẹ ẹja wò, kí wọ́n sì fún un ní máàkì láti 10 tí ó tuntun jù lọ, títí dé 3 tí ó ti bàjẹ́. Ojú, ọwọ́ àti imú kò wọ́n wa. Ohun tí ó kù ni kí gbogbo wa fi ẹnu kò sí ohun tí a ó máa wò:

1. Ojú. Ojú ẹja tuntun mọ́ gaara, ó sì yọ síta. Ojú ẹja tí ó ti pẹ́ a máa jìn wọlé, a sì máa ṣú bí ẹni pé wàrà dà sí i. Ojú àrọ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan bí ó bá jẹ́ àrọ̀.

2. Etí, níbi tí ẹja fi ń mí. Ẹ ṣí i. Ó yẹ kí ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tútù. Bí ó bá ti di àwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú, tí omi rẹ̀ sì ń fà, ẹja náà ti kọjá àkókò.

3. Ara. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ bá yára padà sípò, ó dára. Bí ihò bá kù síbẹ̀, ẹ kọ̀ ọ́.

4. Ikùn. Kò gbọdọ̀ rọ̀, kò gbọdọ̀ wú, kò sì gbọdọ̀ là. Bí ẹ bá la inú rẹ̀, kí egungun má ṣe tètè ṣí kúrò lára ẹran.

5. Ìpẹ́ àti awọ. Ìpẹ́ ẹ̀pìyà gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ra. Awọ àrọ̀ gbọ́dọ̀ máa dán, kí omi yíyọ̀ ara rẹ̀ sì mọ́, kí ó má ṣe dì, kí ó má sì funfun bí ògì.

6. Òórùn. Ẹja tuntun a máa rùn bí omi odò tàbí bí koríko tútù. Kíkan, òórùn ìgbẹ́, tàbí òórùn tí ń ta ni nímú kò sí nínú òórùn ẹja tuntun.

Ní ti títù àti kòtè tí ó ti inú yìnyín wá, ẹ wò ó bóyá ó ti yọ́ rí kí wọ́n tó tún un dì. Bí ó bá tẹ̀ kọrọdọ, tí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ ọn lára, tí awọ rẹ̀ pọ́n bí epo àtijọ́, tí ikùn rẹ̀ sì fọ́ nígbà tí yìnyín yọ́ tán, ó ti yọ́ rí. Ẹ má rà á fún yíyan.

Bí a ti í pa á mọ́

Ẹ má ṣe fún ẹja ní oúnjẹ fún ọjọ́ kan gbáko kí ẹ tó kó o, kí ìfun rẹ̀ lè ṣófo. Ẹ kó o ní ìdájí, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Ẹ má fa omi adágún títí ẹ ó fi rí ọkọ̀ oníbàárà pẹ̀lú ojú yín, tàbí títí iná ìyanẹja yín yóò fi wà ní ìpèsè. Kí ẹja tí ẹ ó tà láàyè wà nínú omi mímọ́, lábẹ́ ibòji, kí wọ́n má sì há. Èyí tí ẹ ó pa, ẹ pa á kíá, ẹ tú ìfun àti etí rẹ̀ kúrò, ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé e sórí pákó tàbí ike mímọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó kan ilẹ̀.

Bí yóò bá pẹ́ kí ẹ tó tà á tàbí kí ẹ tó yan án, yìnyín ni ọ̀rẹ́ yín. Ní ooru ilẹ̀ wa, ó yẹ kí ìwọ̀n yìnyín tó ìwọ̀n ẹja: kílò kan sí kílò kan. Ẹ fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀, ẹ to ẹja lé e, ẹ tún fi yìnyín bò ó, kí ẹ sì jẹ́ kí omi rẹ̀ máa jò jáde. Ẹni tí kò bá ní kúlà ńlá lè sọ fún káfíńtà kí ó kan àpótí pákó méjì, ọ̀kan nínú èkejì, kí àlàfo bí ìka mẹ́rin wà láàárín wọn. Ẹ fi ìyẹ̀fun pákó gbígbẹ ki àlàfo yìí, irú èyí tí ó ń ṣòfò ní ilé ìlagi ní Ọ̀rẹ̀. Ẹ fi ike bo inú àpótí kí omi má wọ inú ìyẹ̀fun pákó náà, nítorí bí ó bá tutù, kò lè dá ooru dúró mọ́.

Bí ẹ ó bá yan án, ẹ kọ́kọ́ rì í sínú omi iyọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Iyọ̀ ti pọ̀ tó bí ẹyin adìẹ tútù bá léfòó nínú omi náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iná jẹ́jẹ́. Bí iná bá le jù ní ìbẹ̀rẹ̀, awọ yóò gan, omi yóò sì há sínú ẹja. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí iná pọ̀ sí i kí ẹja lè jinná dé inú, kí ẹ tó tún dín in kù fún gbígbẹ. Igi líle gbígbẹ ni kí ẹ lò. Ẹ má fi táyà, ọ̀rá nílọ́ọ̀nù tàbí pákó tí a kùn dá iná. Àwọn oró tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ wà nínú èéfín tí ó dúdú. Láti ọdún 2014, àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kì í gbà ju ìdá 2 nínú bílíọ̀nù kan ti benzopyrene nínú ẹja yíyan.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó ti gbẹ tó? Ìwọ̀n tí ẹ fi ń wọn kòkó yóò sọ fún yín. Bí a bá pín ẹja tútù sí ọ̀nà mẹ́rin, bí ọ̀nà mẹ́ta ni omi. Èébu kì í hù lára ẹja tí omi tí ó kù nínú rẹ̀ kò ju 15 nínú 100 lọ. Nítorí náà, 20 kílò ẹja tí a ti tú ìfun rẹ̀ gbọ́dọ̀ di nǹkan bí 6 kílò. Bí ó bá ṣì ń wọn 9 kílò, omi ni ẹ ń tà. Ẹ fi irú ẹja bẹ́ẹ̀ padà sórí iná.

Ẹ tọ́jú ẹja gbígbẹ sínú páálí tàbí apẹ̀rẹ̀ mímọ́, kúrò nílẹ̀. Bí kòkòrò bá dà á, ẹ gbé e padà sínú ooru iná. Ẹ má ṣe fọ́n òtápíàpíà sí i láé! Ọ̀daràn oògùn ni. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títà ìgò kéékèèké oògùn dichlorvos, nítorí ewu tí ó ń ṣe fún ẹ̀mí ènìyàn.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní: "Ọ̀gá àgbẹ̀, ẹja tí o ní kí n kọ̀ yìí, ta ni yóò san owó rẹ̀ fún mi? Mo jẹ gbèsè oúnjẹ ẹja." Ìbéèrè òdodo ni. Ẹnìkan ṣoṣo kò lè dá àdánù bẹ́ẹ̀ gbé, ìdí nìyí tí ẹni tí kì í ṣe ènìyàn búburú fi ń yan ẹja tí ó ti bàjẹ́. Nítorí náà, ẹgbẹ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́ ààrò kan ṣoṣo tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa lò. Irú ààrò alátẹ púpọ̀ tí àwọn obìnrin Chorkor ní Accra ń lò láti nǹkan bí ọdún 1970 kò ṣòro kọ́. Amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù àti pákó ni a fi ń ṣe é, igi tí ó ń jẹ sì kéré sí ti ààrò àtijọ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá lówó lọ́wọ́ lè béèrè nípa ẹ̀rọ ìyanẹja ti NIOMR ní Èkó tàbí ti NSPRI ní Ìlọrin. Kí a yan ènìyàn méjì, ó kéré tán kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin tí ó mọ ọjà ẹja, tí yóò máa yẹ ẹja wò lẹ́nu ààrò pẹ̀lú ohun mẹ́fà tí mo kà sílẹ̀. Kí ẹja tí wọ́n bá kọ̀ má ṣe wọ inú ààrò, ìbáà ṣe ti alága. Kí a bò ó mọ́lẹ̀ jìn ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹgbẹ́ máa ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lórí kílò kọ̀ọ̀kan tí a bá tà, láti fi dá apá kan àdánù náà padà fún ẹni tí ó bá jẹ̀wọ́ òtítọ́. Bí a bá ń ran ẹni tí ó sọ òtítọ́ lọ́wọ́, irọ́ kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn mìíràn yóò ní ẹja tí kò gbẹ tán wúwo jù, ó sì ń mówó wá jù. Òótọ́ ni, fún ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹja wa kì í pẹ́ lágbègbè wa. Ọ̀rẹ̀ ni oríta tí ọ̀nà Èkó, ti Benin, ti Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti pàdé. Ẹja tí ó ń ti Igbókòdá bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, ibẹ̀ náà ni ó ń gbà kọjá, a kò sì lè sọ pé àwọn kò mọ ẹja yíyan. Ẹja tí ó bá bu lójú ọ̀nà, kì í ṣe orúkọ lágbájá ni oníbàárà yóò pè. Yóò ní ẹja Àjùé ni. Gbogbo wa ni a ó sì jọ jìyà rẹ̀, títí kan ẹni tí ó ṣe tirẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin àgbà mi, mo kéré sí ẹni tí ń kọ́ yín ní iṣẹ́. Àṣìṣe ti èmi fúnra mi ni ó mú mi sọ̀rọ̀. Ọmọ tí yóò jẹ ẹja yín ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn kò mọ̀ yín, kò sì lè bi yín léèrè bóyá ẹja náà dára kí iná tó kàn án. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ mọ̀. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tí ń bọ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ ààrò àti ti àwọn olùyẹ̀wò méjì wá sílẹ̀, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní agbègbè yín. Yóò wá fi bí a ti í yẹ ẹja wò hàn yín ní ojúkorojú.